“Red” àti Pupa: Àríwísí lórí Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Òwe yìí kan ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ó sì kan ẹni tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èdè kan láti gbé e lé èdè mìíràn lọ́wọ́ níláti rọra, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ má baà dànù sójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni Gẹ̀ẹ́sì fi kọ ọ́: “red”. Bí olùkọ́ bá bi ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé kí ni “red” lédè Yorùbá, yóò dáhùn wàrà pé pupa ni. Bí a bá yí ìbéèrè náà padà, tí a ní kí ni pupa lédè Gẹ̀ẹ́sì, yóò tún dáhùn wàrà pé “red” ni. Olùkọ́ yóò yìn ín, kíláàsì yóò pàtẹ́wọ́, ẹ̀kọ́ yóò sì máa tẹ̀ síwájú. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kò pé, èkejì sì ń ṣini lọ́nà, àti pé ìpalára tí èyí ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. A ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa ìyá rẹ̀. Ìyá náà pupa. Ìyá Pupa ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ náà rántí ohun tí a kọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé “a red woman” ni ìyá òun. Olùkọ́ mú gègé, ó fa ìlà gbọọrọ sórí ọ̀rọ̀ náà, ó kọ “fair” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì sọ ìdí. Ọmọ náà yóò lọ sílé pẹ̀lú èrò méjì: bóyá ojú òun ni kò ríran dáadáa, tàbí èdè ilé òun ni kò mọ bí a ti ń pe nǹkan. Kò sí èyí tí ó tọ́ nínú méjèèjì. Ojú rẹ̀ ríran, èdè rẹ̀ sì pé. Ìwé tí ó sọ fún un pé “red” àti pupa jẹ́ ọgbọọgba ni ó tàn án.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní ìlú Benin. Níhìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì ni afárá tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kọjá sínú Yorùbá. Ọmọ Ẹdó tí ó fẹ́ kọ́ èdè wa kì í sábà rí ìwé tí ó gba Ẹdó wọ inú Yorùbá tààrà; “kí ni Yorùbá ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí?” ni yóò máa bèèrè. Ọmọ Yorùbá tí a bí tí a sì tọ́ síhìn-ín pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Bí afárá náà bá wọ́, gbogbo wọn ni yóò já sódò.

Ẹ dé Ọjà Ọba ní àárín ìlú, ẹ yà sí ìsọ̀ àwọn tí ń ta gàrí. Oríṣi méjì ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ọ̀kan funfun, èkejì ni èyí tí a fi epo díẹ̀ sí kí a tó yan án tán. Káàkiri Nàìjíríà ni a ti ń pe èyí tí ó ní epo yìí ní gàrí Bendel, nítorí Ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́ tí a pín sí Edo àti Delta ní 1991. Ẹni tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì ná an yóò pè é ní “yellow garri”. Yorùbá tí ó dúró tì í yóò ní kí a wọn gàrí pupa fún òun. Kóńgò kan náà ni, gàrí kan náà ni, kò sì sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn oníbàárà méjèèjì.

IBI TÍ ÀṢÀ NÁÀ TI ṢẸ̀

Níbo ni àṣà ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan yìí ti wá? Ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, tí ó to Gẹ̀ẹ́sì sí apá kan, tí ó sì to Yorùbá sí apá kejì. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, òjíṣẹ́ Ọlọ́run mìíràn, Robert Morrison, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Ṣáínà sí Gẹ̀ẹ́sì jáde láti 1815. Ní 1913, ìjọ C.M.S. tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tiwọn jáde ní Èkó, tí ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì fi ṣe atọ́nà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ ribiribi ni gbogbo wọn ṣe. Ẹni tí kò bá sí ọ̀nà rárá kò níí bá ẹni tí ó kọ́kọ́ gé igbó wí pé ọ̀nà rẹ̀ tóóró.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò gbọdọ̀ wà ní tóóró títí láé. Ní 1958, ìwé méjì jáde tí ó tún ọ̀nà náà ṣe. Ọ̀kan ni Atúmọ̀ Ede Yoruba tí Isaac O. Delano kọ, tí ó fi Yorùbá ṣàlàyé Yorùbá. Èkejì ni ìwé atúmọ̀ èdè tí R. C. Abraham ṣe, tí ó kún fún gbólóhùn tí a fi ń rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, A. S. Hornby, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Jàpáàn, kó ìwé atúmọ̀ èdè kan jọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. A kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Tokyo ní 1942, Oxford sì tún un tẹ̀ ní 1948. Ohun tí Hornby mọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lo ìtumọ̀ nìkan. Ó níláti mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń bá ọ̀rọ̀ rìn. Àríwísí wa ni pé àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí a ń tà fún ọmọ ilé-ìwé wa kò tẹ̀ lé Delano, wọn kò tẹ̀ lé Abraham, wọn kò sì tẹ̀ lé Hornby. “Red” ní ọwọ́ òsì, pupa ní ọwọ́ ọ̀tún, ó parí.

OHUN TÍ OJÚ RÍ

Kí ni pupa kó jọ nínú èdè wa? Ẹ̀jẹ̀ pupa, osùn pupa, ata tí ó gbó pupa, ilẹ̀ tí a fi mọ odi ìlú Benin àtijọ́ pupa. Títí dé ibẹ̀, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ń rìn lọ ni. Ṣùgbọ́n ajá pupa wà, màlúù pupa sì wà, tí Gẹ̀ẹ́sì yóò pe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní “brown”. Ènìyàn pupa wà, tí àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ti ẹ̀jẹ̀ rárá. Ẹyin tí a sè ní funfun, ó sì ní pupa. Pupa ẹyin yìí tó láti fi ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní “yolk”, ọ̀rọ̀ tí ó bá “yellow” tan láti ìgbà àtijọ́. Orúkọ tí àwọn ará Jámánì fún un túmọ̀ sí àwọ̀ ìyeyè inú ẹyin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ará Ṣáínà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì a máa pè é ní rosso d’uovo, èyí tí í ṣe pupa ẹyin gan-an gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é. Adìẹ Ítálì kò yàtọ̀ sí adìẹ Jámánì. Ibi tí èdè kọ̀ọ̀kan fi ààlà sí ni ó yàtọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ará Ṣáínà tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìṣòro kan náà pẹ̀lú tiwa. Hóng ni ìwé fi túmọ̀ “red” fún un. Ṣùgbọ́n tíì tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dúdú, tíì pupa ni nílé rẹ̀: hóng chá. Ṣúgà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “brown”, ṣúgà pupa ni: hóng táng. Bí ó bá wá kọ “red sugar” sínú àròkọ rẹ̀, olùkọ́ yóò fa ìlà sí i gẹ́gẹ́ bí a ti fa ìlà sí ìyá ọmọ wa. Ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ṣáínà kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n àṣìṣe wọn jẹ́ ọmọ ìyá.

Kí a má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ṣánṣán ní tirẹ̀. Irun tí wọ́n ń pè ní “red hair” kò pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó pọ́n rúsúrúsú bí ìrù màlúù ni. Ẹyẹ kékeré kan wà nílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní “robin redbreast”, bẹ́ẹ̀ sì ni àyà rẹ̀ jọ èèpo ọsàn ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti sọ ẹyẹ náà lórúkọ kí ọ̀rọ̀ “orange” tó di orúkọ àwọ̀ lẹ́nu wọn ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, lẹ́yìn tí èso náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. “Red” ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì ṣáájú àkókò náà, gẹ́gẹ́ bí pupa ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa.

ÌLÒ NÍNÚ GBÓLÓHÙN

Àwọ̀ nìkan kọ́ ni ó fa ìyàtọ̀. Gírámà náà dá sí i. “Red” jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó sì ń dúró sí. Pupa a máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yán: aṣọ pupa. Ó sì tún lè dá dúró bí ọ̀rọ̀-ìṣe: aṣọ náà pupa. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. “Is” níláti wà láàárín. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe Ṣáínà pàápàá kò nílò “is” níbẹ̀, nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn ṣe ń gbàgbé rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tiwa. Ẹni tí a kò bá ṣàlàyé èyí fún yóò máa fi gírámà èdè rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì máa pè é ní aláìmọ̀kan.

Pupa tún ní ìbátan kan tí “red” kò ní, èyí ni pọ́n. Ohùn òkè orí rẹ̀ ṣe pàtàkì. Obìnrin lè pọn omi, kí ó pọ̀n ọmọ, kí epo tí ó gbé sórí sì pọ́n. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí a bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n, a kò sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan. Ohun tí a ń wí ni pé ó tó jẹ. “Ripe” ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lo “red” fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ti sọ ohun tí kò ní lọ́kàn.

OHUN TÍ Ó KỌJÁ OJÚ

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni ìgbà tí àwọ̀ bá di àkàwé. Ẹ gbé “ènìyàn pupa” kalẹ̀ níwájú ẹni mẹ́ta. Yorùbá yóò rò pé àwọ̀ ara ẹni náà mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyìn sì ni nígbà púpọ̀. Ará Ṣáínà tí ó gbọ́ hóng rén yóò rò pé ẹni tí ìràwọ̀ rẹ̀ ń tàn ni, tí àwọn ọ̀gá fẹ́ràn. Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ “a Red” yóò rò pé kọ́múníìsì ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti bí ọmọ mẹ́ta tí kò jọra. “Fair” tí olùkọ́ wa kọ gan-an kò bọ́ nínú èyí. Ní Nàìjíríà, ẹni pupa ni a mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òyìnbó onírun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ koríko gbígbẹ ni wọ́n ń lò ó fún.

Ẹ tún wo ti owó. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ilé iṣẹ́ kan wà “in the red”, ó ti wọ gbèsè ni, nítorí yíǹkì pupa ni àwọn akọ̀wé owó fi ń kọ iye tí ó dín. Ṣùgbọ́n ní ọjà ìpín ìdókòwò ilẹ̀ Ṣáínà, àwọ̀ pupa ni a fi ń fi hàn pé iye owó ìpín gòkè. Inú àpò ìwé pupa ni wọ́n sì ń fi owó sí láti ta ara wọn lọ́rẹ nígbà ọdún àti ìgbéyàwó. Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà tí a bá wí fún pé “red” ni hóng, tí a kò sì fi nǹkan kan kún un, lè ka ìròyìn àdánù kí ó sì máa yọ̀.

Ojú ńkọ́? Bí ojú ará Ṣáínà bá pọ́n, ìlara ni èdè rẹ̀ ń wí. Bí ojú bá pọ́n Yorùbá, ìyà ni ó ń jẹ ẹ́. Inú rẹ̀ ni a ti rí ìpọ́njú. Àwọn àgbà sì ní ojú kì í pọ́n iṣin kí ó má là. Èso iṣin tí ó pọ́n lórí igi yóò là dandan. Ẹni tí ojú ń pọ́n yóò là, yóò sì lówó lọ́wọ́. Ìrètí tí ó wà nínú òwe yìí, inú pọ́n àti là ni ó sùn sí. Ẹni tí ó mọ pọ́n sí “red” nìkan kò lè jí i.

Ní ìlú Benin yìí ńkọ́? Àwọ̀ iyùn tí Ẹdó ń pè ní ivie ni àwọ̀ ọlá Ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ìtàn àbáláyé sọ pé Ọba Ewuare, tí ó jọba ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ni ó gba ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́wọ́ Olókun ní Ughoton. Lọ́dọ̀ wa, Ṣàngó ni a kọ́kọ́ ń rántí bí a bá rí aṣọ pupa: iná, àrá àti agbára. Ọmọ Ẹdó àti ọmọ Yorùbá tí wọ́n jókòó sórí àga kan náà lè kọ “red” sílẹ̀ pọ̀, kí ọkàn ọ̀kan wà ní ààfin, kí ti èkejì wà lójú ọ̀run. Olùkọ́ tí ó mọ èyí yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ wọn.

Ẹ̀SÙN ÀÌNÍTÓ

Àwọn kan máa ń wí pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá mọ̀, dúdú, funfun àti pupa, àti pé nítorí bẹ́ẹ̀ ni pupa ṣe ń gbé ẹrù tí ó pọ̀ jù. Ní 1969, Brent Berlin àti Paul Kay, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí orúkọ àwọ̀ nínú èdè 98. Wọ́n ní èdè tí ó bá ní orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré, dúdú, funfun àti pupa ni yóò jẹ́. Èyí tí ó ní jù lọ ní 11. Ìwé náà fi ipò pàtàkì tí pupa wà hàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó sọ ọ́ di àkàbà, tí wọ́n fi Yorùbá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò wo inú èdè wa dáadáa.

Wọ́n ní orúkọ nǹkan ni ìyeyè, ewé, òdòdó àti àlùkò, pé wọn kì í ṣe orúkọ àwọ̀ pọ́ńbélé. Àwa náà bi wọ́n: èso kọ́ ni “orange” tí a kà mọ́ 11 ti Gẹ̀ẹ́sì? Yorùbá mọ àlàárì yàtọ̀ sí sányán. Bí a bá gbé aṣọ òkè méjèèjì síwájú àgbà, kò ní pè wọ́n ní àwọ̀ kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè pe méjèèjì ní pupa. Yóò ní ọ̀kan pupa fòò, èkejì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ púpọ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni Yorùbá fi ń ṣe é. Ìwé tí ó bá kọ pupa sílẹ̀ láìkọ fòò, yòò àti rúsúrúsú ti gé èdè náà lọ́wọ́, kò sì yẹ kí ó tún wá sọ pé kò lọ́wọ́.

Èdè àgbà mìíràn pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Bíbélì lédè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà, admoni, ni a fi ṣàpèjúwe Ísọ̀ nígbà tí a bí i àti Dáfídì nígbà tí Sámúẹ́lì wá fi òróró yàn án. Àwọn atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 lo “red” fún Ísọ̀, wọ́n lo “ruddy” fún Dáfídì. Wọ́n wo ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó yan ọ̀rọ̀. Ohun tí a ń bẹ àwọn onímọ̀ wa pé kí wọ́n ṣe náà nìyẹn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Bí a óò bá kọ “red” sínú ìwé atúmọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, kí a kọ́kọ́ kọ pé àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti osùn ni: pupa. Kí a kọ pé bí ó bá jẹ́ irun ni, ó pọ́n rúsúrúsú. Bí ó bá jẹ́ ìṣirò owó ni, gbèsè wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ olóṣèlú, kọ́múníìsì ni. Lẹ́yìn náà, kí a kìlọ̀ pé a kì í lò ó fún ènìyàn tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó tó jẹ, tàbí fún pupa ẹyin. Ìlà mẹ́fà tàbí méje tó fún gbogbo rẹ̀. Bí a bá sì ń túmọ̀ pupa sí Gẹ̀ẹ́sì, kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí pupa ń bá rìn, kì í ṣe láti inú “red”.

Ní ti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá, iṣẹ́ yín kò kéré. Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà, ẹ béèrè gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní pupa, àti àpọ́nlé tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ẹdó, ẹ kọ ti Ẹdó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún dúdú, fún tútù, fún gbígbóná. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tí ó bá mọ ọ̀nà púpọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ kan yóò kọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yanjú, yóò sì mọ̀ pé ìyá òun pupa lóòótọ́.